Ẹ Yí Gẹdú Wò Kí Wọ́n Tó Là Á

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ta pákó, ní Bódìjà n'Ìbàdàn àti níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ tiyín la mú wá lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ tàbí ata, tí ẹ sì ń kọ́lé, ẹ lè bá wa kà á.

Gẹdú ìrókò méjì lè jọra bí ìbejì, kí owó tó jáde lára ọ̀kan ju ti èkejì lọ dáadáa. Kì í ṣe àwúre ló fà á. Bí wọ́n ṣe là á ni. Gẹdú rí roboto, pákó ní igun mẹ́rin, torí náà nǹkan bí ìdajì igi ló ń bá èèpo ẹ̀gbẹ́ àti èérún lọ. Ìdajì tó kù ni kí á ṣọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa á sanwó tán, á fi gẹdú sílẹ̀ fún àwọn tó ń lagi, ó di ìgbà tí a bá fẹ́ kó pákó.

Ẹ kọ́kọ́ yí i ká. Ibo ló ti là? Ibo ni kókó pọ̀ sí? Ṣé ó tẹ̀? Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, tó sì tẹ̀ láàárín, ibi tó ti tẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti gé e sí méjì, kí 12 méjèèjì lè tọ́.

Tó bá wá gun ẹ̀rọ, ibi tó là yẹn ni kí ẹ mójú tó. Bí ayùn bá ń lọ ní ìbú, kí ibi tó là náà sùn ní ìbú. Pákó kan tàbí méjì péré ni yóò gba gbogbo àléébù náà. Tí ẹ bá jẹ́ kó dúró lóòró, gbogbo pákó tó bá kàn pátá ló máa là láàárín.

Kì í sì í ṣe dandan kí ayùn máa lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìyí gẹdú padà. Ojú tó mọ́, tí kò ní kókó, ni kí wọ́n kọ́kọ́ là. Ibẹ̀ ni 1 × 12 tí àwọn káfíńtà ń wá kiri ti ń jáde. Bí kókó bá ti ń yọjú, kí wọ́n yí i sí ojú mìíràn, títí yóò fi ku ọkàn igi. Ọkàn igi kì í ṣe pákó o! Ẹ là á fẹ́lẹ́, kó gbẹ tán, ó ti sán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà nínú 4 × 4 odindi, kí ẹ tà á fún àwọn tó ń kọ́lé.

Yíyí gẹdú ń gba àkókò, àwọn tó ń lagi kò sì fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ iye gẹdú la fi ń sanwó fún wọn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ sì fi nǹkan díẹ̀ lé owó wọn. Lójú tiwa, owó náà kò ní pẹ́ padà. (Ẹ má sì dúró ti ẹ̀rọ pẹ̀lú ìró tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀.)

Etí funfun tó wà lábẹ́ èèpo ìrókò, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gé e kúrò lára èyí tí ẹ fẹ́ tà ní owó ìrókò gidi. Òkúta gidi tún máa ń wà nínú ìrókò mìíràn, tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Bí pákó bá ti ń nípọn lápá kan, tó ń fẹ́lẹ́ lápá kejì, ẹ ní kí wọ́n pọ́n ayùn.

Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìgégi là nínú igbó, ó dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ayùn rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 3/8 ínǹṣì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹjọ, ínǹṣì 3 ti di èérún. Ayùn fẹ́lẹ́ tó bá ń jẹ 1/8, ínǹṣì 1 péré ni.

Arère ní tirẹ̀ kò ní sùúrù. Bó bá pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé e, pàápàá lásìkò òjò, àwọ̀ bí aró á mú un. Kì í ṣe pé ó jẹrà, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ tètè là á, ẹ tò ó sábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, kí ẹ sì fi ọ̀dà kun orí àti ìdí wọn, torí ibẹ̀ ni pákó ti kọ́kọ́ ń sán.