Àbùkù Ìṣelọ́pọ̀ nínú Oríta Ìmọ́lẹ̀

Oríta ìmọ́lẹ̀ ni ibi tí ọ̀nà gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ti pín sí ẹ̀ka méjì. Ìmọ́lẹ̀ kì í yára nínú gíláàsì àárín ọ̀nà náà tó bí ó ti ń yára nínú èyí tí ó yí i ká. Èyí ni ó ń mú kí ó ta padà sí àárín nígbà tí ó bá kan ẹ̀gbẹ́.

Irú oríta bẹ́ẹ̀ ni a tò pọ̀ sínú apín-ìmọ́lẹ̀, ohun èlò tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì inú okùn gíláàsì fún ọ̀pọ̀ ilé àti ìsọ̀. Ní ọjà bíi Kejetia ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ti fara kínra, yóò wọ́n púpọ̀ láti na okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá bá oníṣòwò kọ̀ọ̀kan. Okùn kan lè tó fún ìsọ̀ 32 bí a bá pín in ní ìpele márùn-ún: 2, 4, 8, 16, 32. Apín-ìmọ́lẹ̀ kì í lo iná mànàmáná, kò sì lè fi kún ìmọ́lẹ̀. Ohun tí ó bá ṣòfò nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀nà náà kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, nítorí náà àbùkù kékeré tó láti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní, ó yẹ kí ibi tí ẹ̀ka méjì ti pínyà mú ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í lè gbẹ́ ẹ mú tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kọlù ú a sì fọ́n ká. Èkejì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò dán a máa da ìmọ́lẹ̀ síta. Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀ka méjì kò bá fẹ̀ dọ́gba, ìpín wọn kò ní dọ́gba.

Àbùkù wọ̀nyí a máa gun ara wọn. Bí oríta kọ̀ọ̀kan bá sọ ìmọ́lẹ̀ 5 nù nínú 100, lẹ́yìn ìpele márùn-ún nǹkan bí 77 péré ni yóò kù láti pín. Bí oríta kọ̀ọ̀kan bá sì pín in sí 52 àti 48, ẹ̀ka tí ó gba ìpín ńlá ní gbogbo ìpele yóò ní ìlọ́po kan àbọ̀ ti ẹ̀ka tí ó gba ìpín kékeré.

Nítorí náà, ẹ̀ka tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré jù ni a fi ń ṣírò, kì í ṣe ìpíndọ́gba gbogbo wọn. Òun ni ó ń pinnu iye ìsọ̀ tí okùn kan lè tó fún, àti bí wọ́n ṣe lè jìnnà sí ibùdó tó. Oníṣòwò tí ó bá bọ́ sí i lè rí i pé owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ kò wọlé, nígbà tí ti aládùúgbò rẹ̀ ń wọlé.

Láti dín àbùkù kù, a máa ń mú kí ọ̀nà náà fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó pín, a sì máa ń fi ooru mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán. Kí apín-ìmọ́lẹ̀ tó kúrò nílé iṣẹ́, ó yẹ kí a wọn ẹ̀ka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.