Àríwísí Àwọn Alámèyítọ́ lórí Fíìmù Rise àti Orúkọ Adétòkunbọ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney gbé fíìmù Rise jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ gbà pé ìfẹ́ ẹbí inú rẹ̀ wọ ni lọ́kàn. Wọ́n yin Dayo Okeniyi àti Yetide Badaki tí wọ́n ṣe bàbá àti ìyá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́ ni ìtàn náà tọ̀, àti pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gan-an kò pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Giannis Antetokounmpo ni ìtàn náà dá lé, ẹni tí ó dá jẹ àmì 50 ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks gba ife-ẹ̀yẹ NBA ní 2021. Síbẹ̀, alẹ́ tí wọ́n ṣà á ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ní 2013 ni ìtàn náà parí sí. Ọ̀tá inú fíìmù yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù; ìwé ìgbélùú ni. Athens ni wọ́n bí Giannis sí ní 1994, àmọ́ ìbí níbẹ̀ kò sọ ọmọ àjèjì di ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì. Ọdún 2013 ni ó tó gba ìwé ọmọ onílùú.

Orúkọ náà tilẹ̀ ròyìn ìrìn-àjò náà. Adétòkunbọ̀ ni bàbá, tí ó jẹ́ Yorùbá, gbé lọ. Àwọn Gíríìkì máa ń fi lẹ́tà méjì, n àti t, kọ ìró d. Wọ́n a sì fi m àti p kọ ìró b. Nígbà tí wọ́n tún un kọ sí lẹ́tà tiwa, ó di Antetokounmpo. Alámèyítọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá lè má mọ̀ pé adé ń bẹ níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ òkun.

Akin Omotoso, ọmọ olóògbé Kole Omotoso òǹkọ̀wé, ni ó darí eré náà. Òun náà bá òbí ṣí lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ó sì ti ṣe Man on Ground ní 2011 lórí ìkórìíra àjèjì níbẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ẹnu ọ̀nà ilé ni ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí ju orí pápá lọ.

Àríwísí tí ó rinlẹ̀ jù ni pé fíìmù náà mọ́ jù. Giannis wà lára àwọn agbátẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ni ìtàn ló tún ń ṣọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ní 2012, ẹgbẹ́ Golden Dawn tí ó kórìíra àjèjì wọ ilé aṣòfin Gíríìsì. Wéré ni fíìmù náà gba àkókò yẹn kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Francis, àkọ́bí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà. Ìwọ̀nba ni a rí nínú ayé ọmọ tí òkun kò gbé lọ.