Ẹni tó ń báni ṣọ́lé, ta ló ń pàṣẹ fún un? Ẹ̀kọ́ tí Ìbàdàn ti kọ́ kí Òyìnbó tó máa jiyàn lé e lórí

Àríyànjiyàn ńlá kan ń lọ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù, pàápàá láti oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni pé, ṣé kí wọ́n pa ètò ààbò wọn pọ̀ sójú kan, kí ogun tó bá dé bá ọ̀kan jẹ́ ogun gbogbo wọn, àbí kí oníkálukú máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀, kí àlejò má baà máa pàṣẹ fún ọmọ ogun onílé?

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó lèyí, pé kò kan ará Ọjà'ba, kò kan ará Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n. Ìbàdàn ti ṣọ́lé fún ẹlòmíràn rí, ẹlòmíràn sì ti ṣọ́lé fún Ìbàdàn rí. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nínú méjèèjì: ẹni tó bá gbé idà wá bá ọ ṣọ́lé, bó pẹ́ bó yá, yóò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun máa ṣẹ nínú ilé náà, àfi bí ẹ bá ti jọ fi ààlà sí i kí ó tó wọlé.

Nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ odi

Lẹ́yìn Ìbàdàn ti Lágelú, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ló tún ibẹ̀ tẹ̀dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829. Ìlú náà kò pẹ́ kó tó di alágbára lábẹ́ Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìba, tí Ọjà'ba sì ń jẹ́ orúkọ oyè rẹ̀ títí dòní.

Ní ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Nígbà tí Òṣogbo rí i pé apá àwọn kò fẹ́ ká a mọ́, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Balógun Òdèrìnlọ́ kó ogun jáde, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìlọrin. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìlú tó wà ní ìhà Ọ̀ṣun ti ń fẹ̀yìn ti Ìbàdàn bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri.

Ṣùgbọ́n ààbò yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí agbára Ìbàdàn ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà. Ajẹ́lẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ohun tí ọba ń ṣe, ìlú ló sì ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí a máa wọ oko olóko, wọn a sì máa fipá gba ẹran ọ̀sìn. Adé ṣì wà lórí ọba, ṣùgbọ́n àṣẹ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà tó fi máa di ọdún 1878, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹjọ́. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ni Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà bá dìde. Ogun tí à ń pè ní Kírìjì dé nìyẹn, ọ̀kan nínú ogun ọdún mẹ́rìndínlógún tó bẹ̀rẹ̀ láti 1877 tí Ìbàdàn ti ń bá Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú fà á, tí kò sì parí títí di 1893.

Ohun tó yẹ kí èèyàn fi ara balẹ̀ wò ni ọ̀nà tí àwọn tó dìde náà gbà ṣe tiwọn. Wọn kò sọ pé nítorí pé Ìbàdàn rẹ́ àwọn jẹ, kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa dá jà. Wọ́n mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ṣe olórí ogun, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Síbẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan ló ni adé rẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe ìlú rẹ̀. Ogun nìkan ni wọ́n pa pọ̀, wọn kò pa ìtẹ́ pọ̀. Ìbàdàn tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò lè borí wọn. Ojú ogun náà ni Ààrẹ Látòósà kú sí ní ọdún 1885.

Ó kan Ìbàdàn náà

Lọ́jọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ogun ká níkẹyìn, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Carter kò wá tú ogun ká nìkan. Ó gbé ìwé àdéhùn dání, ó fẹ́ kí Ìbàdàn gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn sójà rẹ̀ sí ìlú.

Àwọn ìjòyè Ìbàdàn kọ̀. Ta ni ìbá sì kọ̀ bí kò ṣe wọn? Àwọn tó ti fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti gbọ́ ohun tí ìbọn Òyìnbó fi ojú Ìjẹ̀bú rí ní ọdún 1892. Nígbà tó di ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1893, Baálẹ̀ Fìjàbí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé níwájú Denton tó ń delé fún gómìnà. Nínú oṣù kejìlá, Ọ̀gágun Bower dé pẹ̀lú àwọn sójà. Orúkọ tí àwọn èèyàn wa sì fún irú aṣojú Òyìnbó bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ajẹ́lẹ̀.

Kò pé ọdún méjì tí Bower yìí kan náà fi kó ogun lọ sí Ọ̀yọ́, tí ó rọ̀jò ọta lé ìlú Aláàfin lórí ní oṣù kọkànlá, ọdún 1895. Ẹni tí a ní kó wá ṣọ́ àlàáfíà ti di ẹni tí ọba kò gbọdọ̀ ṣẹ̀. Ẹni tó bá gun òkè Mápó lónìí yóò rí gbọ̀ngàn ńlá tí ìjọba amúnisìn ṣí ní ọdún 1929. Ẹni tó bá sì gun Òkè-Ààrẹ yóò rí ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Bower ní ọdún 1936.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà

Nàìjíríà gba òmìnira lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọdún 1960. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọ̀rọ̀ àdéhùn ààbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì dé ilé aṣòfin l'Ékòó. Àdéhùn náà ní kí àwọn méjèèjì máa ran ara wọn lọ́wọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì máa kọ́ àwọn ọmọ ogun wa, kí ọkọ̀ òfuurufú ogun wọn sì lè máa gba ojú ọ̀run wa kọjá. Ìjọba ní ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nílò olùrànlọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ní irú òmìnira wo nìyẹn?

Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn kò gbà. Wọ́n kọrí sí Èkó nínú oṣù kọkànlá náà, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé aṣòfin. Nínú oṣù kìíní ọdún 1962, Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fagi lé àdéhùn náà.

Àwọn Òyìnbó gan-an ń ṣọ́ra

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń fura. Ní ọdún 1952, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù, tí Faransé àti Jámánì ti Ìwọ̀-oòrùn wà lára wọn, tọwọ́ bọ̀wé láti ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo. Ilé aṣòfin Faransé fúnra rẹ̀ ló da ọ̀rọ̀ náà nù ní oṣù kẹjọ, ọdún 1954. Ní 1966, Faransé tún yọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ NATO, kò sì padà títí di 2009.

Títí di òní, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé kí àwọn tó kù ran ẹni tí wọ́n bá gbógun tì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ogun, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, kò sí ẹni tí wọ́n lè kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ tipátipá. Dẹ́ńmáàkì tó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ètò náà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún dìbò ní oṣù kẹfà, ọdún 2022, láti padà sínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà ló lé e wọlé, ṣùgbọ́n ìbò àwọn ará ìlú ló gbé e wọlé.

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa

Ní ọdún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe àdéhùn ààbò tiwọn ní Freetown. Nígbà tí wọ́n kó ọmọ ogun ECOMOG lọ sí Liberia ní ọdún 1990, Nàìjíríà ló gbé èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà, nínú owó àti nínú ẹ̀mí.

Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní Niger ní oṣù keje, ọdún 2023, ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n sì ní àwọn lè lo agbára. Ilé aṣòfin àgbà l'Ábùjá kò fẹ́ ogun, ogun kò sì wáyé. Ṣùgbọ́n Niger, Mali àti Burkina Faso ní ECOWAS ń tẹ òmìnira àwọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì jáde pátápátá lọ́jọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025. Àwọn mẹ́ta yìí kan náà tún kéde pé àwọn máa kó ọmọ ogun 5,000 jọ láti máa jà pọ̀. Wọn kò sá fún àjùmọ̀ṣọ́, ẹni tó ń pàṣẹ ni wọ́n sá fún.

Nínú oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba ní Benin, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà sì ran ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín Niger àti Benin hàn gbangba: ní Benin, onílé ló pè wá.

Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí n'Íbàdàn lọ́jọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, la irú ọ̀nà yìí kọjá. Àgbà agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Nígbà tí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀, ó sì ní ọ̀gá tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ọgbọ́n Èkìtìparapọ̀ ni.

Àgbẹ̀ tí kò lè dá lọ sóko mọ́ nítorí àwọn ajínigbé kò ní kọ ẹni tó máa bá a ṣọ́ ọ̀nà, kò sì yẹ kó kọ̀ ọ́. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná. Àmọ́ nígbàkigbà tí ìjọba bá sọ pé ọmọ ogun wa ń lọ sílé onílé, tàbí pé ọmọ ogun onílé ń bọ̀ nílé wa, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ará ìlú bi aṣòfin tó dìbò fún: ta ló pè wọ́n, ta ló ń pàṣẹ fún wọn, ọjọ́ wo ni wọ́n sì máa padà lọ? Ẹnu ìbọn ni Ìbàdàn ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní ọdún 1893. A lè bi tiwa nígbà tí ẹnu wa ṣì gbà á.