Ta Ni Kí A Fi Àwọn Ọmọ Wa Lé Lọ́wọ́ Ní Pápá Bọ́ọ̀lù?



Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Àjàṣẹ́, ibi yòówù tí ìjọ bá wà, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Inú wa dùn sí i, nítorí pé ọmọ tí ó rí ibi rere sáré sí kò ní máa wá ibi búburú kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn òbí: ta ni yóò máa kọ́ wọn?

Àwọn kan á ní àgbà ni kí a wá, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tí àwọn ọmọ yóò bẹ̀rù. Àwọn mìíràn á ní ọ̀dọ́ ni ó yẹ, ẹni tí ó lè bá wọn sáré, tí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lóde òní. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìdí. Àwọn baba wa ti sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni pé ọjọ́ orí wúlò, ìrírí náà sì wúlò, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òbí béèrè.

Ipò àgbà àti ipò ọ̀dọ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àgbà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àgbà tí ó ti ń tọ́ ọmọ láti ọdún pípẹ́ mọ̀ pé ọmọ tí ó ń ṣe oríkunkun lónìí lè jẹ́ ọmọ tí kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó mọ ilé ọmọ náà, ó mọ ìyá rẹ̀. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní pápá, òun ni àwọn ènìyàn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ṣùgbọ́n ewú orí nìkan kò tó fi gba ènìyàn gbọ́. Nínú ìwé Wòlíì Dáníẹ́lì, orí kẹtàlá, àgbà ni àwọn onídàájọ́ méjì tí wọ́n fẹ́ ba Sùsánà jẹ́, àwọn ènìyàn sì gbà wọ́n gbọ́ nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà. Dáníẹ́lì tí ó tú àṣírí wọn, ọmọdé ni. Síbẹ̀ Ìwé Mímọ́ kò fi gbogbo ọgbọ́n fún ọ̀dọ́. Rèhóbóámù, ọmọ Sólómọ́nì, kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà sílẹ̀, ó tẹ̀lé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjọba rẹ̀ sì pín sí méjì.

Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní èwe

Ẹ wo ìlú Auxerre ní ilẹ̀ Faransé. Àlùfáà kan, Abbé Ernest Deschamps, ni ó dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1905. Orúkọ rẹ̀ ni pápá bọ́ọ̀lù ìlú náà ń jẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1961, a fi ẹgbẹ́ náà lé Guy Roux lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà, ẹgbẹ́ kékeré sì ni ẹgbẹ́ náà. Ọdún 1980 ni wọ́n tó gòkè dé ìpele kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1996 ni wọ́n sì tó di olúborí gbogbo ilẹ̀ náà. Basile Boli, tí a bí ní Abidjan, àti Éric Cantona wà lára àwọn ọmọ tí ó tọ́ dàgbà. Nígbà tí Guy Roux fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2005, àgbà pátápátá ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Bí àwọn ará Auxerre bá ti lé e padà ní 1961 pé kò ní ìrírí, níbo ni ìrírí náà ì bá ti wá? Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀dọ́ náà ṣàkíyèsí pé ọdún 35 ni ó fi ṣiṣẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ tún wo Jòhánù Bosco Mímọ́. Ọmọ ọdún 26 ni, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè àlùfáà, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tálákà ìlú Turin ní Ítálì, ní ọjọ́ 8, oṣù kejìlá, ọdún 1841. Katikísìmù àti eré ni ó fi fa wọ́n mọ́ra. Ó fẹ́ kí olùkọ́ wà láàárín àwọn ọmọ ní pápá ìṣeré, kí ó máa fi ìfẹ́ ṣọ́ wọn, kí ó lè dènà àṣìṣe dípò kí ó máa dúró de àṣìṣe kí ó tó na pàṣán. Ní ọdún 1884, nígbà tí ó ti di ọmọ ọdún 68, ó kọ lẹ́tà láti Róòmù sí àwọn ará ilé rẹ̀. Ó dùn ún pé àwọn olùkọ́ kò bá àwọn ọmọ ṣeré mọ́ bíi ti àtijọ́. Ohun tí ó ṣe ní èwe náà ni ó ń béèrè ní ogbó rẹ̀. Àwọn Salésíẹ̀nì, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, ń bá iṣẹ́ náà lọ láàárín àwọn ọmọ ní Àjàṣẹ́ wa níbí.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí

Ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Ronald Smith àti Frank Smoll, fi ọdún púpọ̀ wo àwọn tí ń kọ́ ọmọdé ní eré ìdárayá. Wọ́n mú àwọn olùkọ́ kan, wọ́n fi wákàtí díẹ̀ péré kọ́ wọn bí a ṣe ń yin ọmọ tí ó gbìyànjú, bí a ṣe ń gba ọmọ tí ó ṣe àṣìṣe níyànjú, àti bí a ṣe ń tún nǹkan ṣe láìbú ọmọ. Wọn kò kọ́ àwọn olùkọ́ yòókù ní nǹkan kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde pẹ̀lú Nancy Barnett ní ọdún 1992, nígbà tí ọdún eré mìíràn dé, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó wà lábẹ́ àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́, 26 ni kò padà wá. Lábẹ́ àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́, 5 péré ni. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyí ń borí ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀nà tí a fi bá àwọn ọmọ lò ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun ti ń kọ́ ọmọ láti 20 ọdún, ẹ bi í ní ohun tí ó ti kọ́ láàárín 20 ọdún náà. Bí ó bá jẹ́ pé èébú àti igi ni, ọdún rẹ̀ kò ṣe wá láǹfààní.

Ara ọmọ kì í ṣe ara àgbà

Àwọn nǹkan kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ àgbà. Ọmọ tí ó ń dàgbà kíákíá, tí ó ń sáré tí ó sì ń fò púpọ̀, lè máa ní ìrora ní ìsàlẹ̀ orúnkún, níbi tí iṣan ti ń fa egungun tí kò tíì gbó. Ìsinmi ni ó yẹ ẹ́. Kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a má ṣe kó àwọn ọmọ jáde ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n sì máa mu omi léraléra. Olùkọ́ tí ó bá fi omi du ọmọ kí ara rẹ̀ lè le, ẹ̀mí ọmọ ni ó fi ń ṣeré. Bí ọmọ bá sì fi orí gbá, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó ń bì, tàbí tí kò mọ ibi tí ó wà, kò gbọdọ̀ padà sínú eré ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ ń sunkún pé ara òun ti yá. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè mẹ́rin fún òbí

Èkíní: ṣé ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ṣé ó sì ṣe tán láti máa kọ́ ọ sí i? Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lè má mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ.

Èkejì: ta ni ń ṣọ́ òun náà? Kí ó má ṣe sí ọmọ tí yóò máa dá wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kí òbí lè yọ sí pápá nígbàkígbà. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, kí obìnrin tí a mọ̀ wà pẹ̀lú wọn. Òfin yìí kan ọ̀dọ́, ó kan àgbà, ó kan àlùfáà, ó sì kan àwa tí a ń kọ́ni ní katikísìmù. Bí ọmọ bá sì wá sọ fún yín pé ẹnì kan ń ṣe ohun tí kò dára sí òun, ẹ gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó sọ pé àgbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí Sùsánà.

Ẹ̀kẹta: kí ni ó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pàdánù? Ọjọ́ náà ni ìwà rẹ̀ yóò hàn.

Ẹ̀kẹrin: ṣé gbogbo ọmọ ni ó ń jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, títí kan èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá? Ṣé ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ilé ìwé àti fún Mísà ọjọ́ Ìsinmi?

Ẹni tí ó bá dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa, ẹ gbà á, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 23 tàbí ọmọ ọdún 60. Bí ìjọ bá sì lágbára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjì ṣe é pọ̀: kí ọ̀dọ́ máa bá àwọn ọmọ sáré, kí àgbà jókòó ní etí pápá, kí ó máa wò, kí ó sì máa gbà á nímọ̀ràn nígbà tí eré bá parí, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tiyín ni ó kù. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà ní ìjọ yín, ẹ wá àyè lọ sí pápá náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ kí olùkọ́ náà kú iṣẹ́, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó ń bá àwọn ọmọ yín sọ. Kí Olúwa, tí ó pe àwọn ọmọdé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bá wa ṣọ́ wọn. Àmín.