"5,000" Kì Í Ṣe Ẹgbẹ̀rún Márùn-ún: Bí Èdè C Ṣe Ń Ka Iye

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò kọ́ ọ rí má ṣe sá, torí ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Bí mo bá kọ 5,000 sórí bébà, àmì márùn-ún ni mo kọ: 5, kọ́mà kan, òdo mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó wá sí yín lọ́kàn, ẹ̀yin lẹ fúnra yín fi kún un. Ọ̀tọ̀ ni àmì, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àmì dúró fún. Èdè Yorùbá pàápàá kò da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀: ení, èjì, ẹ̀ta là ń pè bí a bá ń ka nǹkan lọ lásán, ṣùgbọ́n oókan, eéjì, ẹẹ́ta ti owó ẹyọ wá, iye ni wọ́n ń sọ.

Nínú èdè C, ohun tí èèyàn bá tẹ̀ wọlé máa ń kọ́kọ́ jẹ́ string, ìyẹn àwọn àmì tí a tò léra bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn. Àmì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń lò, 48 ni kóòdù àmì 0, 53 sì ni ti àmì 5. Kí okùn yìí tó lè di nọ́ńbà odidi tí a lè rò pọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á. Bí "472" bá dé, òǹkà náà á mú 4. Á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, á fi 7 kún un, ó di 47. Á tún ṣe bẹ́ẹ̀, á fi 2 kún un. Láti òsì sí ọ̀tún ló ń lọ, kò sì sí ìdí fún un láti bojú wẹ̀yìn. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ "márùndínláàádọ́ta" ti gbọ́ márùn-ún ná, kò sì tíì mọ inú kí ni yóò ti yọ ọ́, àfìgbà tó bá gbọ́ àádọ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Adolphus Mann kọ̀wé lórí ètò òǹkà wa yìí lọ́dún 1887.

Ẹ jẹ́ ká padà sí C. Fọ́ńṣọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ àwọn ọmọ ni atoi. Ẹ fún un ní "472", ó dá 472 padà. Ó rọrùn, àbí? Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní ẹnu tó fi lè sọ pé "èmi ò lè ka eléyìí". Ọmọ àdúgbò wa kan ní Ìkòròdú níbí fi kọ ètò kan fún àwọn ìyá tó ń dá àjọ lọ́jà Sábó. Ìyá kan tẹ 5,000. Náírà márùn-ún ni ètò náà kọ sílẹ̀ fún un, nítorí pé atoi rí kọ́mà, ó sì dúró síbẹ̀ láìwí nǹkan kan. Òmíràn tẹ 5k, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ lórí WhatsApp. Márùn-ún náà ni. Ẹni tó fi lẹ́tà O sípò òdo kìíní, márùn-ún. Ẹni tó kọ ₦5000, òdo ni tirẹ̀, torí pé àmì náírà ló ṣíwájú. Òdo yìí ló burú jù, nítorí òdo náà ni atoi máa dá padà fún ẹni tó tẹ 0 ní ti òótọ́.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dán an wò." Mo ní, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ìyá aláta.

Strtol ló yẹ kó lò. Òun náà máa ń dúró níbi tí kò bá ti lè kà mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́ka síbi tó dúró sí fún ẹni tó bá bi í. Bó ṣe rí nìyí:

int ka_iye(const char *oro, long *iye)
{
    char *ibi;
    long n;
    errno = 0;
    n = strtol(oro, &ibi, 10);
    if (ibi == oro) return 0;
    if (*ibi != '\0') return 0;
    if (errno == ERANGE) return 0;
    *iye = n;
    return 1;
}

Bí ibi tó dúró sí bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, kò rí nǹkan kan kà. Bí kò bá dé òpin okùn, nǹkan àjèjì wà lẹ́yìn iye. ERANGE ní tirẹ̀ ń sọ pé iye náà tóbi tàbí kéré kọjá ohun tí long lè gbà. A ní láti kọ́kọ́ sọ errno di òdo, torí strtol kì í nù ún nù fún wa, àṣìṣe àná lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi fgets gba ọ̀rọ̀ wọlé, kó rántí pé àmì ìlà tuntun ṣì wà ní ìdí okùn. Kó yọ ọ́ kúrò kó tó pe ka_iye, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo iye ni yóò máa kọ̀. Bó bá jẹ́ owó àjọ, kó tún wò ó bóyá n ju òdo lọ, torí "-500" jẹ́ iye tó pé lójú strtol. Àwọn kan rò pé strtoul á bá wọn lé àmì ìyọkúrò lọ. Irọ́ ni; ó ń gbà á wọlé, á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà gbàràmù-gbaramu kan.

Kí ni ká wá ṣe sí kọ́mà? Ọmọ yẹn fẹ́ yọ gbogbo kọ́mà kúrò kó tó kà á. Mo ní kó rọra. Ní Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́, ọ̀nà Faransé ni wọ́n fi ń kọ iye nílé ìwé: kọ́mà ló ń ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá. Lójú ẹni tó kàwé níbẹ̀, 1,5 jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀. Bí a bá yọ kọ́mà yẹn, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èrò tèmi ni pé bí àmì òǹkà mẹ́ta-mẹ́ta bá tẹ̀lé kọ́mà, kó yọ ọ́, kó sì fi iye tó kà han ìyá náà kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti máa méfò lórí owó olówó.

Bí iye ṣe tóbi tó náà ní wàhálà tirẹ̀. Int lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní kò lè ju 2,147,483,647 lọ. Bí iye bá ju ìyẹn lọ, ìlànà C kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ohun tí atoi máa ṣe. Long ń gba iye tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì lórí Linux onípele 64, ṣùgbọ́n lórí Windows bákan náà ló rí pẹ̀lú int. Ohun tó ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ náà lè kọsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Strtoll àti long long ló bọ́gbọ́n mu fún irú èyí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Okúdù 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 fọ́ lójú ọ̀run láìtíì pé ìṣẹ́jú kan tó gbéra, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi iye ńlá kan sínú àyè tí kò gbà á. Èdè Ada ni wọ́n fi kọ ti wọn, kì í ṣe C.

Ó ku 10 tó wà ní ìparí ìpè strtol. Òǹkà oní-mẹ́wàá ló túmọ̀ sí. Àwọn kan máa ń fi 0 síbẹ̀, kí strtol fúnra rẹ̀ mọ irú òǹkà tó jẹ́. Nígbà náà, àmì òǹkà lásán tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ di òǹkà oní-mẹ́jọ: "0703" á di 451. "0803" ní tirẹ̀ á di òdo, torí kò sí 8 nínú òǹkà oní-mẹ́jọ, ẹ̀yìn òdo àkọ́kọ́ ni yóò dúró sí. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí irú nọ́ńbà wọ̀nyí ti wá.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé nọ́ńbà fóònù dé iwájú strtol? Orúkọ ni nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe iye. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀? Bí a bá sọ ọ́ di iye, òdo iwájú rẹ̀ á sọnù, ìpè kò sì ní wọlé mọ́. Bákan náà ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì oní-àmì-mẹ́wàá, NIN àti BVN oní-àmì-mọ́kànlá. Kí ọmọ náà fi wọ́n sílẹ̀ bí okùn, kó ka gígùn wọn, kó wò ó pé àmì òǹkà nìkan ló wà níbẹ̀, kó sì tọ́jú wọn bí wọ́n ṣe rí.