Ta ni yóò máa kọ́ àwọn kúrétọ̀ tuntun ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn Bisi Silva àti Koyo Kouoh?

Láàárín ọdún 2019 sí 2025, ikú mú mẹ́ta lọ nínú àwọn tí ayé mọ̀ jùlọ nídìí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Bisi Silva kú nílùú Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2019, ẹni ọdún 56 ni. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Okwui Enwezor, tí wọ́n bí nílùú Calabar, jáde láyé ní Jámánì lẹ́ni ọdún 55. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Koyo Kouoh, ọmọ Cameroon tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nílùú Dakar, kú lẹ́ni ọdún 57.

Silva àti Kouoh ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ wọn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ṣé àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà á lè dúró láìsí wọn.

Kí ni iṣẹ́ kúrétọ̀ gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí wọ́n ṣáà fi àwòrán kọ́ ara ògiri ni. Ìyẹn ló máa ń kẹ́yìn. Kúrétọ̀ ló ń ronú ohun tí ìpàtẹ kan fẹ́ sọ, kó tó wá iṣẹ́ ọnà tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó máa ń lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọnà níbi iṣẹ́ wọn, á jókòó tì wọ́n, á sì bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹwòran máa kà lára ògiri. Owó ìpàtẹ náà, ọrùn rẹ̀ ló wà.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni yíyá iṣẹ́ ọnà. Kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan tó gbà kí ère rẹ̀ jáde nílé, ó máa béèrè ìwé àdéhùn, owó adójútòfò, irú àpótí tí wọ́n máa fi kó o, bí ooru àti ọ̀rinrin yàrá ìpàtẹ ṣe rí, àti àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ère náà ti ha tàbí tó ti sán kó tó gbéra. Ẹni tí kò mọ gbogbo èyí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ ọnà tó, ọwọ́ òfo ló máa padà wálé.

Kí ló dé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà tẹ́lẹ̀ kò tó?

Ilé ẹ̀kọ́ wà. Ní Jos, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1952, UNESCO bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1963 láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti onírúurú orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Èyí tó wà ní Porto-Novo, École du Patrimoine Africain, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998.

Àmọ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà fún. Ère Nok tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Oníṣẹ́ ọnà tó wà láàyè lè pe kúrétọ̀ lóru pé òun ti yí ọkàn padà.

Lóòótọ́, Enwezor kò kọ́ iṣẹ́ yìí níléèwé. Ẹ̀kọ́ nípa òṣèlú ló kà ní Amẹ́ríkà, kó tó di ẹni tó darí ìpàtẹ Documenta ní Jámánì lọ́dún 2002 àti ti Venice lọ́dún 2015. Ẹ̀kọ́ ìfowópamọ́ ni Kouoh kà ní Switzerland. Ṣùgbọ́n òkè òkun làwọn méjèèjì ti rí ọ̀nà wọn. Ọ̀dọ́ tó wà ní Tamale tàbí Bamako, tí kò rí físà gbà, ńkọ́?

Àsìkò, ilé ẹ̀kọ́ tó ń rìn

London ni Silva ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kúrétọ̀ kó tó dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2007. Lọ́dún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ ètò tó wá sọ ní Àsìkò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ètò náà máa ń gbà, àwọn oníṣẹ́ ọnà àtàwọn kúrétọ̀ á jọ jókòó sínú yàrá kan náà, wọ́n á sì máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò láì fi bò.

Kò ní ojúkò kan. Ó dé Accra lọ́dún 2013, Dakar lọ́dún 2014, Maputo lọ́dún 2015 àti Addis Ababa lọ́dún 2016. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ọmọ Èkó tó ti dé London lẹ́ẹ̀mẹta lè má tíì fojú kan Dakar rí.

Ní Dakar yìí ni Kouoh ti dá RAW Material Company sílẹ̀ lọ́dún 2008. RAW Académie tẹ̀ lé e lọ́dún 2016. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni tirẹ̀, àlejò kan ni wọ́n sì máa ń pè láti darí ìpele kọ̀ọ̀kan.

Kumasi gba ọ̀nà mìíràn

Ní Ghana, inú fáṣítì ni àyípadà náà ti wáyé. Ní KNUST, Kumasi, karî'kạchä seid'ou àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ọnà padà, wọ́n sì dá blaxTARLINES sílẹ̀ lọ́dún 2015. Wọ́n kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ ṣe ìpàtẹ ńláńlá nílùú Accra. Ibrahim Mahama, tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, fi owó tó rí lórí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ kọ́ ibi ìpàtẹ sí Tamale, tó ṣí lọ́dún 2019.

Ọ̀nà Kumasi yìí lè jẹ́ èyí tó máa pẹ́ jù, torí owó oṣù olùkọ́ fáṣítì kò dúró de àjọ òkè òkun. Ètò bíi Àsìkò àti RAW Académie ní láti máa wá ìrànwọ́ kiri.

Síbẹ̀, wọn kò tíì kógbá wọlé. Oyindamola Fakeye ló gba ìṣàkóso ibùdó Èkó lẹ́yìn Silva. Ní ti RAW, láti ọdún 2019 ni Kouoh ti lọ darí ilé ọnà Zeitz MOCAA ní Cape Town, nítorí náà àwọn tó kù ní Dakar ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ṣe é kí ikú tó dé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n yan Kouoh láti darí ìpàtẹ Venice ti ọdún 2026, òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nírú ipò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn aláṣẹ ìpàtẹ náà kò wá ẹlòmíì. Wọ́n ní bó ṣe là á kalẹ̀ ni wọ́n máa ṣe é, pẹ̀lú àwọn márùn-ún tó ti yàn láti bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Marie Helene Pereira, tó ti ṣiṣẹ́ ní RAW ní Dakar.