Ṣé o mọ̀? Irin tó ń yọ ìjàpá nínú àwọ̀n edé

Afẹ́fẹ́ òkè omi ni ìjàpá òkun ń mí. Bí àwọ̀n edé bá dá a dúró pẹ́ lábẹ́ omi, yóò kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de irin bíi ti ojú fèrèsé mọ́ ọ̀fun àwọ̀n, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju ínǹṣì 4 lọ. Edé á gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìjàpá á forí sọ irin, á sì gba ojú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde.

Àmọ́ kì í ṣe ìjàpá ni Sinkey Boone, apẹdé ará Georgia ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ń rò tó fi ṣe irú irin yìí. Ẹ̀dá òkun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ ló ń kún àwọ̀n rẹ̀!